Múlí Atukọ̀ Ọ̀jọ́

Èéfín èèpo àgbọn ló ta sí mi nímú láàárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí mo jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nílé ọmọ mi ní Òkokomáíkò. Obìnrin Ègùn kan tó kó wá sí ilé kejì wa ló ń yan ẹja tà. Ọmọ ọmọ mi sáré wọlé kó wá ti fèrèsé. Ó ní, "Màmá àgbà, èéfín yìí á mú yín wúkọ́ o." Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo ní kó tún ṣí èkejì. Ọmọ náà wò mí bí ẹni pé àìsàn tó mú mi lẹ́sẹ̀ ti gun orí.

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ti àìsàn náà. Ó pẹ́ tí èmi àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń fà á. Mo ń lo oògùn, mo sì ń gbàgbé oògùn, bí àwa àgbà ti máa ń ṣe. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ dìde lọ ṣe àlùwàlá, ẹsẹ̀ òsì kò dá mi lóhùn. Ọwọ́ òsì náà rọ jọwọrọ bí ewé ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Wọ́n gbé mi dé ọsibítù, dókítà ní ẹ̀gbà ni, pé Ọlọ́run ló yọ mí. Ohùn mi padà, ọwọ́ náà ń padà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ kò yára. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ìkókó sọ̀rọ̀. Màmá, ẹ má dìde. Màmá, ẹ jẹ́ ká bá yín gbé e. Màmá, ẹ ṣáà sinmi. Ìsinmi náà ló fẹ́ẹ̀ pa mí.

Ṣùgbọ́n bí èéfín yẹn ṣe wọ inú mi, n kò sí ní Òkokomáíkò mọ́. Etí ọ̀sà Ọ̀jọ́ ni mo wà, mo jẹ́ ọmọdébìnrin, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ mọ Ọ̀jọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ àti ariwo ṣọ́ọ̀bù, yanrìn funfun ni ilẹ̀ àgbàlá wa nígbà náà. Igi àgbọn pọ̀ débi pé bí atẹ́gùn bá fẹ́, ńṣe ni gbogbo ìlú máa ń dún bí ìgbà tí èèyàn púpọ̀ ń gbọn aṣọ. Bàbá mi ń pẹja, ìyá mi ń se àdín àgbọn tà. Ìyànà Ìbà tí ẹ ń rí yẹn, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó gba inú oko ẹ̀gẹ́ kọjá ni. Òkokomáíkò tí mo ń gbé báyìí, oko jíjìn ni à ń pè é. Bí ìyá bá fẹ́ dẹ́rù ba ọmọ aláìgbọràn, á ní òun á mú un lọ fi síbẹ̀. Ẹ wá wò ó, ibẹ̀ ni mo darúgbó sí.

Nínú àgbàlá tó kángun sí tiwa ni Múlí ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀. Múlíkátù lorúkọ rẹ̀ gan-an. Kò tíì mọ̀rọ̀ ọ́ sọ dáadáa tí ibà kan fi kì í mọ́lẹ̀. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó mú agbára ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lọ. Ọwọ́ ló fi ń rìn. Yóò ti ọwọ́ méjèèjì bọ sálúbàtà, yóò sì máa wọ́ ara tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n bó ti ń yára tó, ewúrẹ́ ìyá mi máa ń sá fún un. Ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ọmọkùnrin kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń rìn bí alákàn. Múlí ní, "Alákàn ni mí lóòótọ́. Sún mọ́ mi, kí n fi ọwọ́ mi hàn ọ́." Ọmọ yẹn kò sún mọ́ ọn títí tó fi di géńdé.

Odò wíwẹ̀ ni eré tí gbogbo àwa ọmọ etí ọ̀sà fẹ́ràn jù. Bí a bá ti dé láti ilé kéú, a ó bọ́ aṣọ sílẹ̀ sórí yanrìn, ó di gbùdù nínú omi. Múlí nìkan ni yóò jókòó sábẹ́ igi àgbọn, tí yóò máa ṣọ́ aṣọ wa. Ìyá àgbà rẹ̀ ti fi òfin de omi fún un. Wọ́n máa ń sọ ọ́ káàkiri pé, "Ẹni tó lẹ́sẹ̀ méjì, omi ń gbé e lọ, ká má tíì sọ ti ẹni tí tirẹ̀ kò dúró."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Múlí pè mí. Ó ní, "Aṣọ yín kò lẹ́sẹ̀, kò lè sá lọ. Kí ni mo ń ṣọ́ ọ fún? Kọ́ mi ní odò wíwẹ̀."

Mo ní, "Ìyá àgbà á pa wá."

Ó ní, "Mo ti gbọ́ ìyẹn. Kọ́ mi."

Ìgbà tí àwọn àgbà bá ń sùn lọ́sàn-án la máa ń lọ, níbi tí bàbá mi ń so ọkọ̀ mọ́. Òun á di etí ọkọ̀ mú, èmi á fi ọwọ́ gbé ikùn rẹ̀ sókè. Omi tó mu nígbà náà tó kún ìkòkò àdín ìyá mi. Ó wúkọ́, ó sunkún, ó bú mi, ó bú omi, ó sì ní ká tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí mo yọ ọwọ́ mi lábẹ́ rẹ̀ láìsọ fún un, ńṣe ló lọ bí ẹja. Nígbà tó mọ̀ pé òun ti jìnnà sí mi, ó yíjú padà, ó kígbe pé, "Ṣé o rí i? Omi kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi kò ṣiṣẹ́!"

Orí odò wíwẹ̀ ló ti bọ́ sórí ọkọ̀ wíwà. Apá tó ti ń gbé gbogbo ara kiri láti kékeré, kí ni àjẹ̀ fẹ́ jẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kò pẹ́ tó fi mọ ọ̀nà orí omi ju èmi ọmọ apẹja lọ. Ìyá àgbà rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Wọ́n rò pé òógùn ló ń rẹ ọmọ wọn lára nígbà gbogbo.

Ìgbà òjò kan ni ìyá mi bí àbúrò mi ọkùnrin. Ọmọ dé láyọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá mi kò dá. Ìyá tó ń gbẹ̀bí lágbègbè wa ṣe gbogbo èyí tí wọ́n mọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n jáde síta, wọ́n ká ọwọ́ lérí, wọ́n ní kí a gbé e dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kíákíá. Òdìkejì omi ni ilé ìwòsàn kékeré náà wà. Bàbá mi àti àwọn ọkùnrin yòókù ti wà lójú omi jíjìn láti ìdájí. Ọkọ̀ kékeré kan ṣoṣo ló kù ní èbúté. Àwọn obìnrin dúró, wọ́n ń wo ojú ara wọn, ojú ọ̀run sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ gbé wọn wá!"

A wo ìsàlẹ̀. Múlí ti wà nínú ọkọ̀, ní ìdí rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti gbé àjẹ̀ dání. A kò mọ ìgbà tó débẹ̀.

Ìyá àgbà rẹ̀ figbe ta. "Múlíkátù! Bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀! Ta ló ní o mọ ọkọ̀ wà?"

"Ẹ bá mi jà tí mo bá dé, Ìyá," ni Múlí dáhùn. "Ẹ̀jẹ̀ ń lọ lára wọn."

Wọ́n tẹ́ ìyá mi sáàárín ọkọ̀, a fi ọmọ tuntun náà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Ìyá agbẹ̀bí gbé orí wọn lé itan, èmi gbé àjẹ̀ kejì níwájú. A kò tíì dé ìdajì omi tí ìjì fi bẹ̀rẹ̀. Omi ń ya wọ inú ọkọ̀, ìyá mi kò sì dáhùn mọ́ tí a bá pè wọ́n. Àjẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, mo bú sẹ́kún. Ohùn Múlí dé láti ẹ̀yìn: "Gbé igbá, kí o gbọ́n omi! Ẹkún kì í gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀!" Mo gbé igbá, mo ń gbọ́n ọn. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé ó ti fi gèlè ìyá mi so ìbàdí ara rẹ̀ mọ́ pákó ìjókòó, kí ìgbì má baà gbọ̀n ọ́n dànù. Ó wá yé mi pé bí ọkọ̀ náà bá rì, òun ti pinnu láti bá a lọ. Mo dákẹ́ ẹkún. Mo gbọ́n omi títí apá mi fi kú.

A gúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà ò bi wá ní ìbéèrè kan, wọ́n kọjú sí iṣẹ́. Nígbà tí ìyá mi lajú, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni bóyá a ti fún ọmọ lómi mu. Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún. Múlí sùn lọ fọnfọn lórí ilẹ̀ gbàgede.

Nígbà tí a padà sí Ọ̀jọ́, ìyá àgbà rẹ̀ ti dúró sétí omi pẹ̀lú pàṣán. Múlí wọ́ ara lọ bá wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì kí wọ́n nà án. Ìgbà yẹn ni ìyá náà rí i pé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà ti bó kanlẹ̀. Pàṣán bọ́ sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, bó ti tóbi tó yẹn, wọ́n gbé e la àárín ìlú kọjá, wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé pé, "Atukọ̀ mi rèé. Ẹ wò ó dáadáa."

Bàbá mi gbẹ́ àjẹ̀ tuntun fún un. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi gbé àwọn ìyá ọlọ́jà kọjá omi. Nígbà tó yá, ó lọ́kọ sí Ìjànìkin, èmi lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ọ̀nà márosẹ̀ dé, oko ẹ̀gẹ́ di ilé, a wá ń rí ara wa lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níbi ìsọmọlórúkọ tàbí níbi òkú. Ó bímọ, ó rí ọmọ ọmọ, kí ikọ́ kan tó mú un lọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mo débi ìsìnkú rẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tó jẹ́ pé Múlí ló jẹ́ kó ní ìyá, wà níbẹ̀, ó ti di lándílọ́ọ̀dù ní Ajángbádì, ẹni tí kì í yéé ráhùn nípa àwọn ayálégbé. Lọ́jọ́ yẹn, kò ráhùn nípa ẹnikẹ́ni.

Èyí ni gbogbo ohun tí mo rò lórí àga. Nígbà tí Gàníyù ọmọ mi dé láti ibi iṣẹ́, mo ní, "Mo fẹ́ wọ omi."

Ó ní, "Ẹ fẹ́ wẹ̀ ni, Màmá? Kí n bá yín gbé omi gbígbóná?"

"Odò ni mo fẹ́ wẹ̀."

Ó jókòó. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́ o. Ẹsẹ̀ tí kò lè dé ẹnu ọ̀nà?"

Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń bá mi na ẹsẹ̀ ní ọsibítù. Obìnrin náà ní ó dáa bẹ́ẹ̀, dókítà náà sì gbà, bí ẹnì kan bá ṣáà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Gàníyù fi mọ́tò gbé mi lọ sétí ọ̀sà Ọ̀jọ́. Òjúoró bo omi, ọ̀rá àti ike bo òjúoró. Ibi tí bàbá mi ń so ọkọ̀ mọ́, wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n. Gàníyù wò mí. "Ṣé inú èyí lẹ fẹ́ wọ̀?"

Omijé bọ́ lójú mi, n kò ní parọ́. Mo fi ìborùn nù ún. Mo ní, "Wá omi míì fún mi."

Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbà la ti rí omi náà, adágún kan tí wọ́n fi táìsì aláwọ̀ búlúù tẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń mójú tó o wo ìró àyà mi, ó yọ́ ohùn sọ pé, "Mọ́mì, ṣé ẹ ò ní aṣọ ìwẹ̀ ni?" Mo ní èyí ni aṣọ ìwẹ̀ tí wọ́n fi bí mi. Gàníyù bá mi wọ inú omi tòun ti ṣòkòtò, ó ń gbọ̀n jù mí lọ, nítorí pé ọmọ ọmọ apẹja yìí kò mọ odò wẹ̀. Mo mu omi. Mo wúkọ́. Ó ní ká jáde, mo ní n kò jáde. Nígbà tó pẹ́, ẹsẹ̀ òsì mi gbéra díẹ̀, ó ti omi sẹ́yìn, ó tún ti omi sẹ́yìn. Gàníyù rí i. Ó di ọwọ́ mi mú pinpin.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í lọ báyìí. Gàníyù náà ti ń kọ́ odò wíwẹ̀, èmi ni olùkọ́ rẹ̀. N kò tíì sàn tán, dókítà kò sì ṣèlérí pé n ó sàn tán. Oògùn mi, n kì í gbàgbé rẹ̀ mọ́. Ìlú tí mo dàgbà sí ti lọ, n kò retí pé yóò padà. Yanrìn rẹ̀ wà lábẹ́ kọnkéré, ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ṣeré wà lábẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n agídí tí a kọ́ létí omi yẹn, kò sí kátapílà tó lè wó o. Ẹ̀yin ọmọ, bí ara bá kọ̀ fún yín lọ́jọ́ kan, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí kò lè ṣe. Ẹ wá ibi tó ti lè ṣe é.

Láàárọ̀ àná, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó jí, mo dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fọwọ́ kan ògiri, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ ṣe àlùwàlá. Ó pẹ́ kí n tó débẹ̀, ṣùgbọ́n mo débẹ̀.