Ewúrẹ́ Tó Fẹ́ Ra Àga fún Àǹtí Àìná

“Ta ló ní kẹ́ ẹ máa dárúkọ òkú nínú gbọ̀ngàn yìí? Ayẹyẹ la fẹ́ ṣe o, a ò pe ẹnikẹ́ni wá sunkún! Ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò kíákíá!”

Bí Alága ṣe pariwo ẹ̀ gan-an nìyẹn. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ nínú ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Apo dé ni, mi ò tíì bọ́ híjáàbù mi. Mo jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga tí bàbá mi ń tà ní Kugbo níbí, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé.

Òkú tó ń wí yẹn, Àǹtí Àìná ni. Oṣù tó kọjá ni wọ́n kú. Àwọn ni wọ́n máa ń kọ́ àwa ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Abuja bí a ṣe ń kọ ìtàn ní èdè wa. Sátidé sí Sátidé ni, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ní, ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá ìlú yìí, ní Apo. “Wọ́n” ni màá máa fi pe Àǹtí o. Alága, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Adébíyì, “ó” ni màá fi máa pè é nínú ìwé yìí títí inú mi á fi rọ̀. Bí màmá mi bá rí i, ìgbájú ni. Kò burú. Inú ń bí mi.

Mi ò tiẹ̀ fẹ́ lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. SS1 ni mo ti kúrò nílé ìwé. Mo gbọ́ Yorùbá, àmọ́ tí mo bá ní kí n kọ ọ́, ńṣe ló máa ń dà bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sẹ́yìn tírélà: ọ̀kan níbí, òmíràn lọ́hùn-ún, ìkíní ò mọ ìkejì rí. Màmá ní kí n máa mú Rahmah, àbúrò mi, lọ. Mo fà á dé ẹnu ọ̀nà, mo fẹ́ yí padà, ni Àǹtí bá wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìwọ náà, wọlé.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ti dàgbà.”

“Àwọn àgbà kì í pìtàn ni? Wọlé, jàre.”

Bí mo ṣe di òpó iná láàárín àwọn ọmọ ọdún méje nìyẹn. Mo fajú ro sí gbogbo wọn. Àmọ́ mi ò lè fajú ro pẹ́ níbẹ̀, torí ẹ̀rín.

Ìlà ni Àǹtí máa ń tò wá sí. Ọmọ kan, gbólóhùn kan. Tó o bá ti sọ tìẹ tán, wàá na ọwọ́ sí ẹni tó kàn, wàá sọ ọ̀rọ̀ tó máa so yín pọ̀: “lẹ́yìn náà”, “ṣùgbọ́n”, “nítorí pé”. Ẹni yẹn ò gbọdọ̀ di ọwọ́ ẹ mú àfi tí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ bá tẹ̀lé tìẹ lóòótọ́. Bí ìlà bá dópin tí kò já, a jókòó sílẹ̀, a kọ ọ́. Bó bá já, a tún un bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ga jù ni mo máa ń gbẹ̀yìn, ọwọ́ mi kan á wà lófo, torí kò sẹ́ni tó kù.

Mofìyìnfólúwa, tí gbogbo wa ń pè ní Fìyìn, ló kọ́kọ́ já ìlà. Ó ní, “Bàbá mi ra mọ́tò,” ó na ọwọ́ sí Rahmah. Kí Rahmah tó la ẹnu, ó tún fi tiẹ̀ kún un: “nítorí náà mo fẹ́ràn ìrẹsì.”

“Mi ò dì í mú o!” Rahmah ti kó ọwọ́ ẹ̀ sẹ́yìn. “Kí ló kan ìrẹsì nínú mọ́tò?”

Àǹtí ò bínú, wọn ò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. “Fìyìn, ọmọ mi, wá ọ̀nà tí ìrẹsì máa gbà wọ mọ́tò náà.”

Fìyìn ronú, ó ronú, ó há ètè jẹ. Lójijì ló pariwo: “Bàbá mi ra mọ́tò, nítorí náà a fi gbé àpò ìrẹsì láti Nyanya, ṣùgbọ́n àpò náà lu, lẹ́yìn náà gbogbo adìyẹ ojú ọ̀nà ń sáré tẹ̀ lé wa!”

Rahmah fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àǹtí pàtẹ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ọmọ tí kò lè sọ ju “mo fẹ́ jẹun” lọ ní Yorùbá nígbà tó kọ́kọ́ dé! Ta ló kọ́ ọ? Ṣé Ẹgbẹ́ ni?

Èmi ni mo mú ewúrẹ́ wá, lọ́jọ́ kan tí Àǹtí ní kí ìlà bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní kí kálukú mú ohun tó fojú ara ẹ̀ rí wá, mo sì ní, “Ewúrẹ́ kan wọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Kugbo.” Òótọ́ ni. Rahmah gbà á: “nítorí pé ó fẹ́ ra àga.” Irọ́ nìyẹn, àmọ́ irọ́ tó dùn. Ewúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọjà. Ó ní, “Kai, ó wọ́n jù!” Bàbá mi fèsì nínú ìtàn pé, “Hàjíyà, awọ gidi ni o.” Ni Babátọ́pẹ́, tó kéré jù láàárín wa, bá fi ohùn ewúrẹ́ béèrè pé: “Awọ ta ni?”

Ha! Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí. Àǹtí fara ti ògiri.

Nígbà tó yá ni wọ́n béèrè pé, “Ta gan-an ni ewúrẹ́ yìí fẹ́ ra àga fún?” Rahmah ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì: “Fún Àǹtí Àìná, nítorí pé wọn kì í rí ibi jókòó.”

Àǹtí tún rẹ́rìn-ín. Ikọ́ ló gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wọn.

Ọmọdé kì í purọ́ ohun tójú ẹ̀ rí. Inú gbọ̀ngàn yẹn, àga kún un, wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dì wọ́n lẹ́yìn bí ìyàwó. Àmọ́ àwọn tó bá háyà gbọ̀ngàn ló wà fún, kọ́kọ́rọ́ sì ń bẹ lápò Alága. Ìdúró ni Àǹtí máa ń wà, ilẹ̀ ni àwa ń jókòó. Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ni wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ ńlá sí, orí wa sì ni gbogbo èéfín ẹ̀ ń fẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀, gbogbo Ẹgbẹ́ ló mọ̀ pé àìsàn àyà ń bá Àǹtí jà, pé nígbà mìíràn èémí kì í délẹ̀.

Etí mi yìí ló gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́. “Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé ẹ̀rọ yìí lọ sẹ́yìn ògiri, tàbí kẹ́ ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún wa.”

“A ti gbọ́, Àǹtí wa. Ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí.”

Ìgbìmọ̀ jókòó lóòótọ́. Àwọn kúkú ní àga.

Sátidé tó kẹ́yìn, wọ́n tan ẹ̀rọ láti àárọ̀ kí gbọ̀ngàn lè tutù de àwọn tó háyà ẹ̀. Ìlà wa ti dé àárín. Mo rí i tí Àǹtí fọwọ́ di àyà, tí wọ́n ń wá èémí bí ẹni ń wá nǹkan tó bọ́ sínú kànga. Wọ́n gbé wọn lọ. Wọn ò padà wá mọ́. Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sọ pé èéfín ló pa wọ́n. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n bẹ̀bẹ̀, pé ilẹ̀kùn wà ní títì, pé ẹ̀rọ náà ṣì wà níbi tó wà títí di òní.

Níbi ìsìnkú, Alága ní, “Ẹ̀rín ni wọ́n fi sìn wá.” Ó dáa. Kí lẹ̀yin fi sin àwọn?

Fún àwọn ọmọ, ó ní Àǹtí rìnrìn àjò. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, a kì í la ọ̀rọ̀ ikú mọ́ ọmọdé lórí. Nígbà tí ìyá àgbà mi kú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn, mo sì fi ẹran Iléyá pamọ́ dè wọ́n títí ó fi ń rùn. Àmọ́ kò sí jẹnẹrétọ̀ nínú àjò ti ìyá àgbà mi.

Ẹ wá wo òní. A lọ ṣe ìdánrawò fún Ọjọ́ Ọmọdé tí Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe. Ibo ni wọ́n kó wa sí? Inú gbọ̀ngàn! Fáànù ń yí, ilẹ̀ ń dán, àga wà níbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ṣé ó dìgbà tí Àǹtí bá kú kí kọ́kọ́rọ́ yẹn tó mọ ihò ẹ̀ ni? Alága gbé maikirofóònù: “Ìlà ìtàn tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́ yìí, Ẹgbẹ́ wa ló dá a sílẹ̀.”

A bẹ̀rẹ̀ ìtàn ewúrẹ́. Nígbà tó kan Rahmah, ó ní, “Ewúrẹ́ ra àga fún Àǹtí Àìná.” Fìyìn di ọwọ́ ẹ̀ mú: “kí wọ́n lè rí ibi jókòó nígbà tí wọ́n bá ti ìrìn àjò dé.”

Ibẹ̀ ni Alága ti pariwo ohun tí mo kọ sókè yẹn.

Fìyìn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ló kú?”

Alága wo fáànù. “Ẹn… mo ní… ẹni tó rìnrìn àjò.”

“Ṣé òkú ló rìnrìn àjò ni,” Rahmah béèrè, “àbí ẹni tó rìnrìn àjò ló kú?”

“Ẹ jẹ́ ká máa tẹ̀síwájú!”

Babátọ́pẹ́ mi orí ẹ̀ bí àgbàlagbà. “Ọ̀rọ̀ yín ò tẹ̀ lé ara wọn, sà. Mi ò lè dì yín lọ́wọ́ mú.”

Ẹ̀rín bú mọ́ mi lẹ́nu. Ìgbà tí mo wo ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé Rahmah ti jọ̀wọ́ ọwọ́ Fìyìn, omi ń dà lójú ẹ̀ pòròpòrò.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa bọ̀, ó ní, “Àǹtí Gàní, ṣé wọ́n kú ni?”

“Wọ́n kú.”

“Nítorí kí ni?”

Èmi kọ́ ló yẹ kó dáhùn. Ta ló gbọ́ ẹ̀bẹ̀ wọn tó lọ sùn? Ta ló ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ sí àyà aláìsàn àti imú ọmọdé? Mo fẹ́ kí Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ní dìde, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ yẹn kúrò, kí wọ́n sì pe ẹni tó dá ìlà sílẹ̀ ní orúkọ ẹ̀.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, Alága ti fi gbólóhùn tó kẹ́yìn lé mi lọ́wọ́. “Gàníyátù, ìwọ lo dàgbà jù nínú wọn. Sọ pé, ‘Inú gbogbo wọn sì dùn, nítorí pé Ẹgbẹ́ Àjùmọ̀ní dára.’ Ṣó o gbọ́?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà.” Mo tiẹ̀ kúnlẹ̀.

Sátidé tó ń bọ̀, níwájú gbogbo àlejò, ohun tí màá sọ nìyí: “Ewúrẹ́ gbé àga dé, ṣùgbọ́n Àǹtí Àìná ti kú. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn, nítorí pé…” Màá wá na ọwọ́ mi tó máa ń wà lófo yẹn sí Alága. Mi ò ní gbé e sílẹ̀ títí yóò fi rí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Mi ò ní sọ fún Rahmah. Mi ò ní sọ fún màmá.

Bàbá mi ń pè mí. Oníbàárà ti dé, àga tí mo jókòó lé yìí gan-an ló fẹ́ wò. Màá dìde, màá nu ìdí ẹ̀, màá kí i pé sànnu, màá sì pa ẹnu mi dé.