Ìbéèrè Tí A Ò Lè Fi Àdúrà Dáhùn

Èmi ni mo ba iṣẹ́ ìwádìí tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi jáde yunifásítì jẹ́, tí mo sì rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ náà kó ìwé ìbéèrè rẹ̀ wá sí ilé-iṣẹ́ ìṣó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣàngó, mo ti ṣáájú rẹ̀ lọ bá àwọn ará ibi iṣẹ́ wa níbi tí wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi nìyẹn o. Ẹ dáhùn dáadáa fún un. Ẹ má jẹ́ kó féèlì."

Wọ́n sì dáhùn dáadáa. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ni bóyá ariwo ẹ̀rọ ń ba etí òṣìṣẹ́ jẹ́. Gbogbo wọn kọ ọ́ pé rárá. Ẹnì kan kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé òun ò ní í dití lórúkọ Jésù. Ẹlòmíràn kọ Alihamudulilahi. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé èèpo ọsàn la máa ń jù lù ú kó tó yíjú sí wa, òun gan-an ló kọ̀wé gùn jù nípa bí etí òun ṣe ń gbọ́ kedere.

Èmi náà kọ rárá. Ẹ̀rù ló bà mí. Òṣìṣẹ́ kásúà ni mí, ẹni tí wọ́n lè lé lọ láàárọ̀ láìsọ ìdí. Bí ọ̀gá bá gbọ́ pé etí mi ti ń kú lọ, mo ti dèrò ilé nìyẹn. Kí n tó máàkì, mo kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ wọn ò sọ pé ká kọ orúkọ o! Mo ṣáà ń bẹ̀rù pé wọ́n á dá bí mo ṣe ń máàkì mọ̀.

Inú ọmọ náà dùn títí tó fi dé ọ́fíìsì olùkọ́ tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Ojú wíwú ló gbé padà wá sílé wa ní Itele. Olùkọ́ ti dá gbogbo rẹ̀ nù. Bí kò bá mú ìbéèrè gidi wá títí ọjọ́ Ẹtì, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á di àgùnbánirọ̀, òun á jókòó sílé. Kò jẹun. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá fíríìjì, ó ń dá sọ̀rọ̀ pé, "Ó ti parí. Ó ti parí fún mi."

Mo ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ gé ìka ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ náà ò tó èyí. Ẹ̀gbọ́n mi tó bí i ti kú. Èmi ni mo là á mọ́lẹ̀ níwájú ẹbí pé ọmọ yìí á parí ìwé rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, mo ra iṣu ní Àtàn, mo tẹ̀lé ọmọ náà lọ bẹ olùkọ́.

Obìnrin tí mo lè pè ní àbúrò ni. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Háà! Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Iṣu kí wá lèyí?"

"Mọ́mì, iṣu lásán ni."

"Ẹ gbé e padà sílé. Iṣu kọ́ ló ń yọ ọmọ yín lẹ́nu." Ó yíjú sí ọmọ náà. "Nígbà tí o wọ ilé-iṣẹ́ yẹn, ṣé o gbọ́ ohùn ara rẹ?"

"Rárá, mà."

"Síbẹ̀ gbogbo wọn ní etí àwọn dá ṣáká. Kò yà ọ́ lẹ́nu?"

"Ohun tí wọ́n kọ nìyẹn, mà."

"Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n kọ ni. Mo ní ṣé kò yà ọ́ lẹ́nu?" Obìnrin náà kọjú sí mi. "Bàbá, etí yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́ o, Mọ́mì! Koko lara le."

"Ṣé o rí i?" ló wí fún ọmọ náà. "Àdúrà àti ìbẹ̀rù ni irú ìbéèrè rẹ yẹn máa ń mú jáde. Ta ló máa sọ fún àlejò pé ara òun ti ń bàjẹ́, nígbà tó ṣì fẹ́ wọlé iṣẹ́ lọ́la? Má bi wọ́n pé báwo lara. Bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe, tàbí ohun tí àwọn ẹlòmíì ń ṣe nítorí wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo péré ni mo fẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kó ṣáà jẹ́ ojúlówó."

Ilé wa wá dà bí ilé ọ̀fọ̀. Mo ní kí n ṣe ìrànlọ́wọ́.

"Kọ ọ́ pé, 'Ṣé lóòótọ́ lóòótọ́ ni etí yín ò ní nǹkan kan?'"

"Àǹkù, ìbéèrè àkọ́kọ́ náà nìyẹn, ẹ kàn fi pariwo mọ́ wọn ni."

"Kọ́kọ́ ní kí wọ́n búra ná."

"Àǹkù!" Ó dorí kodò, ó ń sunkún láìdún. Bóyá ó ń dún o, ta ni yóò bi èmi?

Ìyàwó mi gbé oúnjẹ jáde láti kíṣìnì, ó gbé e kalẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí léjìká. "Bàbá Ìbejì, oúnjẹ ti délẹ̀."

Ọmọ náà gbójú sókè. "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò pè wọ́n láti kíṣìnì?"

"Pe ta ni?" Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti ṣíwọ́ ìyẹn tipẹ́, kí a tó kó wá síbí. Bí mo bá pè é, àwọn ará ilé kejì á dá mi lóhùn, òun ò ní gbọ́. Mo kàn máa ń wá fọwọ́ kàn án ni."

Èmi tí mò ń rò pé ìfẹ́ ni! Láti ọdún mélòó kan wá ni mo ti ń yangàn níbi iṣẹ́ pé ìyàwó mi ò lè bá mi sọ̀rọ̀ láìfọwọ́ kàn mí. Oúnjẹ náà tutù níwájú mi. Ọmọ náà ti fa bírò yọ, ó ń kọ̀wé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, olùkọ́ ka ìwé náà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà di etí àga mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fà kúrò níbẹ̀. Olùkọ́ wá gbójú sókè, èmi ló wò, ó fi ìbéèrè inú ìwé náà bi mí.

"Bàbá, nílé yín, báwo ni wọ́n ṣe ń pè yín wá jẹun?"

Mo la ẹnu, kò sí àdúrà kankan tó bá a mu. Mo rántí ọ̀gá, mo rántí géètì tí wọ́n á lé mi gbà jáde. Mo tún wo ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Wọ́n ń fọwọ́ kàn mí ni, Mọ́mì. N kì í gbọ́ ìpè mọ́."

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín, kò sì káàánú mi lójú mi. Ó fọwọ́ sí ìwé náà, ó nà án sí ọmọ náà.

"Gbà. Máa lọ bẹ̀rẹ̀," ló wí. "Kí o sì rí i pé o bi àwọn ìyàwó wọn náà, torí àwọn ọkùnrin yìí á tún parọ́ fún ọ."