Báàjì Òkú Lára Alààyè

Òórùn ebè iṣu tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni kì í jẹ́ kí n gbàgbé ọ̀nà Idigny. Tí mo bá ti gbóòórùn ilẹ̀ pupa yẹn, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ò ṣẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ wíkì, ìkànnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló fà á. Ìwọ náà mọ bá a ṣe ń ṣe é nígbà yẹn, àwa mélòó kan láti Kétu, Kpankou àti Odomẹta, tí à ń fi fóònù kọ̀wé nípa abúlé wa àti ohun tí à ń gbìn, kí ẹnikẹ́ni lè kà á kó sì fi tirẹ̀ kún un. Olúkúlùkù ló ní ojúewé tirẹ̀ níbẹ̀, tó ń to báàjì, àwọn àmì kéékèèké tó ń sọ irú ẹni tó jẹ́, sí i bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀: ọmọ Kétu, olùkọ́, ẹni tó fẹ́ràn àkàsà. Báàjì kọ̀ọ̀kan ní àdàkọ tirẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. O kàn máa tẹ orúkọ àdàkọ náà ni, gbogbo rẹ̀ á jáde.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà láàárín wa tó ń dáko iṣu sí Idigny. Òun ló kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà níbẹ̀ nípa iṣu, ṣùgbọ́n tí àsìkò ebè kíkọ bá ti dé, á kó lọ sí ahéré níbi tí kò sí rẹsó, tí fóònù ò lè lọ. A ò ní gbúròó rẹ̀ mọ́ títí iṣẹ́ á fi dínkù.

Láàárọ̀ Sátidé kan, mo ṣí ojúewé rẹ̀, mo rí ọ̀já dúdú lókè rẹ̀: "Ẹni tó ni ojúewé yìí ti fi ayé sílẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere." Àwọn èèyàn ti ń kí ara wọn kú àràfẹ́rakù nísàlẹ̀. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, torí mo rí i lọ́jà tó kọjá níbi tó ti ń ra ọkọ́. Ẹ̀rín yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu mi tí ìyá rẹ̀ fi wọlé láìwé gèlè. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan tó wà ní Àjàṣẹ́ ló rí báàjì náà, ló bá fẹkún pè é.

"Olùkọ́," ìyá ní, "wọ́n ní ọmọ mi ò sí mọ́. Gbé mi dé oko."

Mo ní irọ́ ni. Ó tún ní kí n gbé òun dé oko.

Mo gbé e sẹ́yìn alùpùpù mi. Òjò ti rọ sí ọ̀nà tó gba àárín àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kọjá, mi ò sì lè sáré bí mo ṣe fẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní ni pé kí a tó débẹ̀, ẹ̀rù ti ń ba èmi náà. Ejò wà lóko, ọjà tó kọjá kì í sì í ṣe àná. Èmi tí mo fojú ara mi rí ọkùnrin yìí láàyè, ojúewé kan ti fẹ́ yí mi lérò padà.

A bá a láàárín ebè, ó ti bọ́ ẹ̀wù, ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ kí n tó dúró tán. Ó di orí rẹ̀ mú, ó fọwọ́ pa á lójú, lápá, láyà, bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà.

"Ìyá, ta ló kú?"

"Wọ́n ní ìwọ ni."

Ìyá jókòó sórí ebè, ó bú sẹ́kún. Ebè náà wó lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí tiẹ̀ rò.

Nígbà tí mo padà dé ibi tí rẹsó wà, mo pe alámùójútó wíkì náà, ọ̀gá kan ní Àjàṣẹ́ tí báàjì kún ojúewé rẹ̀ débi pé wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí orúkọ rẹ̀.

"Ó pẹ́ tí kò kọ nǹkan kan, mo béèrè nínú ẹgbẹ́ bóyá ó ṣì wà," ló ní. "Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ni mo bá lẹ báàjì náà."

Lásìkò ebè. Gbogbo wa la wà lóko, èmi olùkọ́ pàápàá ń ran ọkọ mi lọ́wọ́ ní tiwa.

"Ẹ ò lè pe ẹnì kan ṣoṣo kí ẹ tó pa á?"

"Ẹ má bínú, màdáámù. A máa yọ ọ́. Àdàkọ lásán ni."

Mo ní kó pe ìyá náà fúnra rẹ̀, kó bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n. Ṣé o rí i? Kò mọ̀ ọ́n, ó sì kéde ikú ọmọ rẹ̀. Inú bí mi, mo pa fóònù náà.

Lóòótọ́ ó yọ báàjì náà, ṣùgbọ́n wíkì kì í gbàgbé nǹkan. Lọ wo àwọn àtúnṣe àtijọ́, wàá rí ojúewé ọjọ́ náà pẹ̀lú ọ̀já dúdú rẹ̀. Ni mo bá jókòó, mo ṣe àdàkọ tèmi, mo fi àwòrán ọkọ́ sí i: "Oko ni mo wà. Ẹ dúró dè mí." Tí òjò bá ti ń bọ̀ báyìí, ìyá á ránṣẹ́ béèrè bóyá mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojúewé ọmọ òun, àwọn àgbẹ̀ yòókù náà sì ń lò ó. Ohun tí mo ti wá mọ̀ ni pé kò sí ohun tó ń jẹ́ lásán níbi tí orúkọ èèyàn bá wà, torí ìyá kan wà níbì kan tó máa gbọ́ ọ.

Lọ́dún tó kọjá, alámùójútó yẹn fi báàjì ìràwọ̀ sí ojúewé mi, ó ní àdàkọ mi wúlò fún gbogbo ẹgbẹ́. Mo yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Níbi tí wíkì ti ń béèrè ìdí tí èèyàn fi ṣàtúnṣe, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Lọ bẹ ìyá náà."

Títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí, kò tíì lọ.