Kọ̀ǹpútà Kékeré Inú Yàrá Ìyá Mi

Bàbá Onítìmùtìmù ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi. Iṣẹ́ àga ló ń ṣe. Bí àga bá ti gbó, tí ìfun rẹ̀ ti tú síta, òun ni wọ́n máa ń gbé e wá bá. Á bọ́ ọ sí ìhòòhò, á fi fóòmù tuntun sí i, á fi awọ bò ó, á sì kan bọ́tìnì mọ́ ọn lára. Àléébù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ ọn ni pé kò mọ ibi tí iṣẹ́ ń parí sí. Ó ti rán ẹ̀wù fún rédíò wa, ó ti rán fún àpótí irinṣẹ́, kódà ó fi awọ bo etí ìlẹ̀kùn kí ó má baà máa ró gbàmù. Ìyá mi a máa sọ pé bí òun bá jókòó pẹ́ jù lójú kan, ọkọ òun á fi awọ bo òun náà.

Nínú àwọn méjèèjì, ìyá mi ló lẹ́nu. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Láti kékeré wa ni bàbá mi ti ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: bó ṣe ń ka ìtàn fún wa, bó ṣe ń kọrin nídìí aṣọ lílọ̀, bó ṣe ń bá wa jà lórí iṣẹ́ àṣetiléwá. Nígbà tó ra ẹ̀rọ fídíò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwòrán mọ́ ọn. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló fẹ́ jókòó wo ìjà lọ́jọ́ iwájú. Mo dúpẹ́ pé kò gbọ́ tiwa.

Nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá mi lójijì. Ọwọ́ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ náà ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́. Ètè rẹ̀ á gbìyànjú títí, omijé á sì dé. Obìnrin tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ọ̀rọ̀ sísọ nílé ìwòsàn ló bi wá bóyá a ní ohùn rẹ̀ nípamọ́.

"Ohùn ìyá wọn?" ni bàbá mi wí. "Ó kún ilé dé àjà."

Obìnrin náà ní kí a jẹ́ kó máa gbọ́ ara rẹ̀ nígbà gbogbo, kó máa wí tẹ̀ lé e. Ó ní bí ọ̀rọ̀ kò bá tètè padà, ó lè má padà mọ́.

Orí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ni gbogbo fídíò náà wà, èmi sì ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Bí mo bá ti jáde, ohùn ìyá mi bá mi jáde nìyẹn. Bàbá mi á sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, á máa wo báàgì mi bí ẹni pé mo jí nǹkan gbé.

Ni a bá lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń ta kọ̀ǹpútà. Mo ṣàlàyé fún un pé èyí tí a ó fi sílẹ̀ ní títàn tọ̀sántòru la fẹ́, tí gbogbo fídíò wa yóò wà nínú rẹ̀, tí tẹlifíṣọ̀n yàrá ìyá mi àti fóònù bàbá mi yóò sì máa gbà á láti ibẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ojú mi wà lára ńlá kan tí iná aláràbarà ń tàn káàkiri ara rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ máa fi ṣe géèmù ni?" ni obìnrin náà bi mí.

"Rárá o."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ nígbà náà. Iná láá máa jẹ, á sì máa pariwo bí mọ́tò tó ń gun òkè." Ó nawọ́ sí kékeré kan tí kò ju ìwé méjì tí a tò léra lọ. "Èyí tó yín. Fídíò inú ilé kì í ṣe ẹrù tó máa wọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Bàbá mi tẹ etí sí i. "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, sà."

Èmi ní ó kéré jù. Bàbá mi yíjú sí mi. "Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, ṣé adìyẹ lè gbé e mì? Ìyá ẹ tí ariwo díẹ̀ ń mú ta gìrì, ṣé ńlá tó ń ké bíi mọ́tò yẹn lo fẹ́ gbé tì í? Kékeré yìí la máa rà."

Obìnrin náà bá wa to gbogbo rẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́ tí a gbé e délé, ìyá mi rí ara rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, tó ń ka ìtàn, irun rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri. Kò pẹ́ tó fi ń gbá ìdí ọ̀rọ̀ mú. Bí tinú tẹlifíṣọ̀n bá ní "ó dàárọ̀ o", òun náà á ní "àárọ̀ o". Bàbá mi á wà ní ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, á máa gbọ́ ohùn kan náà lórí fóònù, á máa kan ìṣó lọ. Inú mi dùn débi pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà náà lójúkojú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìkan ló ń wí tẹ̀ lé. Ọ̀rọ̀ tara rẹ̀, kò tí ì sọ ẹyọ kan.

Àfi bí kọ̀ǹpútà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Á ṣiṣẹ́ díẹ̀, tẹlifíṣọ̀n á ṣú. A ó tàn án padà, á tún kú. Ìyá mi á wò wá, á kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, a tàn án, kò mira, kò la ẹnu. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Èmi tí ìbínú mi kì í sì í jìnnà, mo pe obìnrin oníkọ̀ǹpútà náà, mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i, mo ní ayédèrú ló tà fún wa. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó bọ́ sọ́nà ilé wa. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Títí dòní, mi ò tí ì dúpẹ́ ìrìn yẹn tán.

Ó kúnlẹ̀ kí ìyá mi, ó wo yàrá yí ká. "Níbo ló wà?"

"Òun lẹ̀ ń wò yẹn."

Ohun tó wà lórí tábìlì dà bí àga ọmọláńgidi. Awọ pupa ni, fóòmù abẹ́ rẹ̀ ki, bọ́tìnì wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ihò tóóró kan ṣoṣo ló wà fún okùn iná. Bàbá mi ló rán an, kí eruku ìsọ̀ má baà ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Ó lẹ́wà púpọ̀. Èmi gan-an ti fi han aládùúgbò.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni," ni bàbá mi wí tayọ̀tayọ̀. "Fóòmù tó dáa jù ni mo fi sí i."

Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn, imú rẹ̀ ni, ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Ẹ ti fi tìmùtìmù dí i nímú!"

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ẹ̀rín pa mí, ṣùgbọ́n ojú bàbá mi fà ro. Ó mú ọ̀bẹ ìtúṣọ rẹ̀, ó tú okùn ara ẹ̀wù náà, ó sì fi ọwọ́ lásán yọ kọ̀ǹpútà jáde. Ó gbé e dání, ó ń wò ó.

"Ó gbóná."

Ohùn ìyá mi ni. Gbogbo wa wo tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n ṣú.

A yíjú sí ìyá mi. Ó ti gbéra díẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó ń nàka sí ọkọ rẹ̀. "Ọwọ́ yín," ló wí. "Ẹ gbé e sílẹ̀. Ó gbóná."

Bàbá mi ò gbé e sílẹ̀. Ó dì í mú, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń mi orí.

"Kò gbóná," ló wí. "Kò gbóná rárá. Tún un wí."