Kẹ́tù Àlùwàlá Bàbá Jímọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Gàmbàrí, tí orí mi ò tíì hu ewú, iṣẹ́ mi ni kí n máa pọn omi sí kẹ́tù àlùwàlá àwọn àgbà agbo ilé wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní gbàgbé irú kẹ́tù páànù bẹ́ẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ gùn bíi ti olófòófó.

Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọdé ń ta òkòtó níta, ọkàn mi ti bá wọn lọ. Mi ò wojú ìkòkò tí mo ti bu omi. Omi orí ògì ìyá mi ni mo bù sí kẹ́tù bàbá mi! Bàbá fi yọnu, wọ́n fi bọ́jú, ògì sì lẹ̀ mọ́ wọn nírùngbọ̀n.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n mu ẹ̀kọ ni, àbí kí n kírun?"

Kí wọ́n tó tún àlùwàlá ṣe, ráká kan nínú ìrun ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí gbogbo ilé fi jẹun tán, tí òórùn àkàrà ń fi mí ṣẹ̀sín.

Ọmọkùnrin ilé kejì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Òun náà ni Ọlọ́run wá fi ṣe ọkọ mi, Bàbá Jímọ̀. Títí wọ́n fi kú lọ́dún tó kọjá, "Olómi Ògì" ni wọ́n ń pè mí, kódà lójú àwọn tó wá ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo jáde nínú opó, a pín ẹrù wọn. Fìlà lọ, agbádá lọ, tẹ̀súbáà di ti àbúrò wọn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, ó ti rẹ̀ mí. Kẹ́tù àlùwàlá wọn nìkan ni mo tì sábẹ́ ibùsùn. Ibi tí ọwọ́ wọn ti ń dì í mú ti dán bí orí apárí.

Jímọ̀, àkọ́bí wa, rí i.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e fún mọ́sálásí. Gbogbo ẹni tó bá fi ṣàlùwàlá, láádá rẹ̀ á máa bá Bàbá ní sàréè."

Èmi fẹ́ kẹ́tù, Bàbá Jímọ̀ ń fẹ́ láádá. Ta ló fẹ́ ṣahun sí òkú? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń fà á jáde lábẹ́ ibùsùn, tí mo tún ń tì í padà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo fọ̀ ọ́, mo gbé e fún un.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ládàání tó ń pe ìrun ní mọ́sálásí gbé e dé ìsọ̀ mi. Ara rẹ̀ ti tẹ̀ káàkiri.

"Ìyá Jímọ̀, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ omi làwọn èèyàn ń ṣí. Àwọn ọmọ kéú ti fi èyí ṣe bọ́ọ̀lù."

"Ṣé ó wọlé?" ni mo bi í. Ẹ̀rín pa á, ó pa èmi náà.

Láyé tiwa, bí èèyàn bá fi kẹ́tù sílẹ̀ fún mọ́sálásí, wọ́n á lò ó títí ìdí rẹ̀ á fi lu. Láyé ìsinsìnyí, ara ògiri lomi ti ń jáde. Jímọ̀ ní ká gbé e lọ sí abúlé kan lọ́nà Òkè-Oyì, pé wọn ò ní ẹ̀rọ níbẹ̀. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Ọlọ́run rí i pé mo ti yọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Agbára àtiyọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ò sí lára mi mọ́.