Àwọ̀n Tí A Dà Bo Ẹṣin

Àwọn èèyàn ṣì ń kí mi kú oríire ẹsẹ̀ ẹṣin náà. Bí mo bá ń ti ọjà Agbalata bọ̀, wọ́n á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹṣin yín ti ń rìn dáadáa!" Èmi á ní ẹ ṣé, màá sì yára kọjá. Ojú máa ń tì mí débi pé n kì í lè wo ẹni tó kí mi.

Abo ẹṣin ni. Àbúrò mi ọkùnrin ló ni ín. Òun ló fi ń gbé àwọn àlejò tó bá wá gbafẹ́ kiri etí òkun, kí wọ́n lè ya fọ́tò. Nígbà tí iṣẹ́ náà kò lọ mọ́, ó kọjá sí Kútọnu lọ wá nǹkan mìíràn ṣe, ó sì tú ẹṣin sílẹ̀ sáàárín àwọn igi àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ó ní òun ń bọ̀ wá mú un. Kò wá. Ẹṣin ń jẹ koríko kiri, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹran ìgbẹ́. Bí imọ̀ àgbọn gbígbẹ kan bá já lulẹ̀, á ti sá dé etí omi.

Pátákò rẹ̀ ló jẹ́ kí n dá sí i. Wọ́n ti gùn, wọ́n tẹ̀ sókè níwájú bíi bàtà àgbà lẹ́sẹ̀ ọmọdé, ó sì ń tiro. Bàbá Haúsá kan wà lẹ́yìn ọjà tó máa ń gé pátákò ẹṣin. Ó wá, ó wò ó láti òkèèrè.

"Màmá, bí a kò bá gé e, yóò dùbúlẹ̀, kò sì ní dìde mọ́. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí kì í gbé ẹsẹ̀ fún èèyàn, èmi kì í sún mọ́ ọn. Ẹ kọ́ ọ kó gbé ẹsẹ̀, kí ẹ wá pè mí."

Epo àgbọn ni mò ń ṣe. Bí mo bá rin àgbọn tí mo fún omi rẹ̀ tán, èyí tó kù nínú aṣọ, adìyẹ ni mo máa ń dà á fún. Mo wá ń bù ú sínú abọ́, mo ń gbé e sábẹ́ igi, mo sì ń jókòó tì í. Ẹṣin kò jẹ́ wá bí mo bá kọjú sí i. Nítorí náà mo kọ̀yìn sí i, mo ń ha àgbọn mi lọ. Bó ṣe ń jẹun lẹ́yìn mi nìyẹn, tí mò ń gbọ́ èémí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọrùn òun, lẹ́yìn náà èjìká. Bí awọ ara rẹ̀ bá ti gbọ̀n pẹ́rẹ́, màá mú ọwọ́ kúrò kó tó sá. Mo rí i pé èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ọwọ́ mi dé orúnkún, ó kọjá orúnkún. Nígbà mìíràn á tiẹ̀ gbé ara kúrò lórí ẹsẹ̀ náà. Gbígbé ẹ sókè nìkan ló kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀yìn ilé wa, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa sì ń gbọ́ bí mo ṣe ń rọra bá ẹṣin sọ̀rọ̀.

"Ìyá ẹlẹ́ṣin! Ṣé ó ti dá yín lóhùn?"

"Ẹṣin, má tíì dá wọn lóhùn o! Jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọn ò bẹ baálé wọn báyìí rí!"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ etí mi gbóná. Kí wọ́n lè dákẹ́, mo ní bàbá tó ń gé pátákò ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mo sì ránṣẹ́ pè é lóòótọ́.

Ọjọ́ ọjà ku ọ̀la. Ọkọ mi, ọmọ Ègùn ni, òun ni olórí àwọn tó ń fa àwọ̀n létí òkun. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá wọn, ṣé ó ti gbé ẹsẹ̀?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ọ̀la mà ni bàbá yẹn ń bọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹja tí n kò rí lójú, mò ń mú un. Ẹran tó ń jẹun lẹ́yìn ilé mi ni màá wá máa bẹ̀? Àwọ̀n mi dà?"

N kò bá a jiyàn. Ohun tí mo sọ ni pé, "Ẹ má jẹ́ kó ṣèṣe o." Mo fi ìyẹn gbà fún un.

Àwọn ọkùnrin tó ń bá a fa àwọ̀n kò lè sún mọ́ ẹṣin náà láìsí mi. Nítorí náà èmi ni mo gbé abọ́ sábẹ́ igi lọ́jọ́ kejì, mo jókòó, mo kọ̀yìn sí i bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó wá. Mo gbọ́ tó kẹ́nu bọ abọ́. Wọ́n da àwọ̀n bò ó láti ẹ̀yìn igi, wọ́n sì pariwo pọ̀ bí wọ́n ṣe máa ń pariwo bí wọ́n bá ń fa ẹja bọ̀ létí òkun. N kò mọ̀ pé ẹṣin lè ké bẹ́ẹ̀. Ó ṣubú, wọ́n gorí rẹ̀.

Bàbá Haúsá gé pátákò ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kíákíá. Nígbà tó ń palẹ̀ ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́, ó wò mí.

"Màmá, yóò tún gùn o. Ìgbà yẹn ńkọ́?"

Ní ìrọ̀lẹ́, ọkọ mi jókòó, ó ń yọ irun ẹṣin kúrò lójú àwọ̀n. Orí ọgbà ẹ̀yìn ilé ló ti máa ń sá àwọ̀n náà láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ká a sórí, ó gbé e lọ sétí òkun, ibẹ̀ ló sì ń sá a sí títí di òní. N kò bi í léèrè.

Ẹsẹ̀ ẹṣin náà dára. Ó ń rìn ṣánṣán láàárín igi àgbọn, lọ́nà jíjìn sí mi. Mo padà sídìí abọ́, mo kọ̀yìn. Ó pẹ́ tí mo ti ń jókòó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ nìkan ń wá.

Lánàá mo gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn mi. Ọwọ́ mi wà lórí itan mi, mo jẹ́ kó wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń bọ̀ lọ́nà, ọ̀kan ti ń pè mí ní ìyá ẹlẹ́ṣin. N kò dáhùn.