Ojú-Àṣá àti Jẹ́ẹ̀lì Táyà

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ni Ojú-Àṣá. Bọ̀dá mi ni mo ń pè é. Fọkanáísà ni. Àwọn awakọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé bí ìṣó bá wọ inú táyà, kó kéré bí abẹ́rẹ́, láti orí àga rẹ̀ ló ti máa nàka sí i. Èmi aránṣọ ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí abẹ́ páànù rẹ̀, gbogbo ohun tí mo bá sì sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá bá mi níbi ẹ̀rọ mi.

Ojú ọ̀hún ló padà dà á. Dókítà ní iṣan rẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, pé èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti òun nìkan la gbọ́. Ó fi Ọlọ́run bẹ̀ wá pé ká má sọ fún ẹnikẹ́ni.

“Ta ló máa gbé táyà fún afọ́jú?” ló wí. “Tí wọ́n bá lé mi wálé, kí ni kí n máa ṣe? Kí n máa ka òrùlé tí mi ò rí?”

Inú bí mi, torí ọ̀rọ̀ ojú kì í ṣe ohun à ń fi pa mọ́. Àmọ́ mo panu mọ́.

Jẹ́ẹ̀lì ló kó o yọ. Táyà ìgbà tiwa yìí, èyí tí kò ní túùbù, bí ìṣó bá gún un, èèyàn gbọ́dọ̀ wá ojú ihò kó tó lè fi okùn rọ́bà dí i. Iṣẹ́ ojú nìyẹn. Jẹ́ẹ̀lì kò béèrè ojú. Omi funfun tó ki ni, inú ike ló ń wà. Ẹnu táyà, ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ni wọ́n ń fún un sí. Wọ́n á wá fún táyà ní afẹ́fẹ́, awakọ̀ á sì wà á lọ lójú ẹsẹ̀ kí omi náà lè yí inú rẹ̀ ká. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń sá jáde, ibẹ̀ ló máa dì sí, bí èépá ṣe ń dì lójú ọgbẹ́. Bọ̀dá mi, tó ti ń bú u tẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, wá di alágbàwí jẹ́ẹ̀lì. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ojú-Àṣá náà ti lajú. Èmi ò rẹ́rìn-ín ní tèmi.

Agbára jẹ́ẹ̀lì ní ibi tó mọ. Ìṣó tó bá gún ibi tí táyà fi ń tẹlẹ̀, ó lè dí i. Táyà tó bá ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò gba jẹ́ẹ̀lì, kò gba okùn, àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí fọkanáísà tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Onítakisí kan wà, ọ̀rẹ́ Bọ̀dá mi láti kékeré, tí wọ́n máa ń bú ara wọn kí wọ́n tó kí ara wọn. Lọ́jọ́ kan ó gbé táyà iwájú wá, ó ní òkúta lòun fi gbá.

“Ọ̀lẹ, yára o, èrò ń dúró dè mí.”

Bọ̀dá mi fọwọ́ pa táyà náà yíká. Àmọ́ rọ́bà gbígbóná ti sọ àtàǹpàkò rẹ̀ di yíyi, kò mọ ohun tó kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ó fún jẹ́ẹ̀lì sí i.

Táyà náà bẹ́ lórí ìdagẹ̀rẹ̀, mọ́tò lọ forí sọ ògiri. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, nǹkan kan ò ṣe èrò, àmọ́ orúnkún onítakisí fọ́, ó ń tiro títí dòní.

Nígbà tó lè rìn, ó gbé táyà tó bẹ́ náà wá. Mo rò pé ìjà dé, mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi dá a lóhùn. Ó gbé e ka itan ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Fi ibi tó ya hàn mí.”

Bọ̀dá mi ò tilẹ̀ fọwọ́ wá a, ó nàka kíá bí ẹni tó rí i. Kò sí níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ló ti ya, ó sì gùn tó ọwọ́ èèyàn. Onítakisí wo ìka yẹn, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́.”

“O ò sì sọ fún mi?”

“Ikú yá ju ẹ̀sín.”

“Èmi ni ẹ̀sín ẹ ọ̀hún?”

Èmi náà ń sunkún lórí aṣọ aláṣọ.

Onítakisí ò sọ fún ẹnì kan, àmọ́ ìròyìn táyà tó bẹ́ ti káàkiri, àwọn oníbàárà bá tiwọn lọ síbòmíràn. Onítakisí nìkan ló kù. Táyà tirẹ̀ wá ń jò ṣáá. “Ó tún ti ṣe é o, ọ̀lẹ,” á wí, inú Bọ̀dá mi á dùn, á mú ike jẹ́ẹ̀lì. Lọ́jọ́ kan mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí onítakisí ní kọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, tìrora-tìrora, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ tẹ ẹnu táyà ara rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Mo padà síbi ẹ̀rọ mi.

Ó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan tí Bọ̀dá mi ò yára mú ike. Ó ní kí onítakisí tú táyà náà wá. Ó fún un ní afẹ́fẹ́, ó rì í sínú bàsíà omi, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ wá ìfóófòó, ó dẹ etí sílẹ̀.

“Ọ̀rẹ́, táyà yìí ò jò.”

“Ó ń jò o.”

“Kò jò. Mo rò pé èyí tó kọjá náà ò jò.”

Bọ̀dá mi nu ọwọ́ méjèèjì mọ́ ṣòkòtò rẹ̀.

“O ṣeun,” ló wí. “Àmọ́ ó tó.”

Ó dìde. Àwọn èèyàn kún òpópó, àwọn awakọ̀ tó sọ ọ́ lórúkọ wà lára wọn. Ó kọjú sí ibi tó ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ mi, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

“Àbúrò mi, dákun wá fà mí lọ́wọ́ lọ sílé. Mi ò ríran.”